Oòrùn Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lára Àsíá

   

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo fún ọmọ yín ní bébà funfun kan, tí mo tún fún un ní kírẹ́yọ̀nù kan ṣoṣo, èyí tó ní àwọ̀ ewé. Àsíá orílẹ̀-èdè wo ló lè fi yà? Ti Nàìjíríà ni. Á pín bébà náà sọ́nà mẹ́ta, á kun apá ọ̀tún, á kun apá òsì, á fi àárín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó parí. Ẹ wá ní kó ya ti Tógò fún yín. Dandan ni kẹ́ ẹ wá ìyeyè kún un, kẹ́ ẹ wá pupa, ìràwọ̀ funfun kan sì tún wà lókè tó gbọ́dọ̀ yà. Bẹ́ ẹ bá ní kó ya ti Amẹ́ríkà, ọmọ á sùn lọ sídìí ìràwọ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé àsíá tiwa ti gbẹ jù. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ dáadáa. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí tiwa ò ní nǹkan kan lára? Kò sí ìràwọ̀, kò sí idì, kò sí kìnnìún. Ṣé ó ti rẹ ẹni tó yà á ni?" Rárá o. Kò rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó yà á fi nǹkan sí i. Oòrùn ló fi sí i. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò ló yọ oòrùn kúrò. Ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí ni pé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àsíá wa pẹ́ tó báyìí láìyí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló ya àsíá Nàìjíríà? Táíwò Akínkùnmí ni. Michael ni orúkọ ìjọ rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1936, Òwu Abẹ́òkúta sì ni orírun àwọn òbí rẹ̀. Ó kàwé ní Ibadan Grammar School, ó ṣiṣẹ́ ìjọba díẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì gba Lọ́ńdọ̀nù lọ láti kọ́ṣẹ́ ní Norwood Technical College. Iṣẹ́ wo ló lọ kọ́? Iṣẹ́ iná mànàmáná ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, kì í ṣe àwòrán yíyà. Iná ló lọ kọ́.

Lọ́dún 1958, níbi tó ti ń kàwé ní ilé ìkàwé, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn. Òmìnira ti ń sún mọ́lé. Orílẹ̀-èdè tó sì fẹ́ dá dúró kò lè máa ta àsíá ẹlòmíràn. Ìjọba wá ní kí ẹni tó bá ní èrò lórí bí àsíá tuntun ṣe máa rí yà á, kó fi ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí yà á, ó fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tó dé ọwọ́ àwọn adájọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Nínú gbogbo rẹ̀, ti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ iná ni wọ́n mú. £100 ni ẹ̀bùn rẹ̀, owó ńlá sì ni nígbà yẹn, pàápàá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ìlú òyìnbó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe yà á gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe lò ó. Ewé, funfun, ewé: bẹ́ẹ̀ ló yà á lóòótọ́. Nínú funfun àárín yẹn ló wá ya oòrùn pupa kan sí, tó ń yọ ìtànṣán káàkiri. Àwọn adájọ́ wò ó, wọ́n ní kí ewé dúró, kí funfun dúró, kí oòrùn máa lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni oòrùn ṣẹ̀? Ṣé oòrùn ò dára ni? Oòrùn dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ronú nípa iṣẹ́ tí àsíá ń ṣe. Àsíá kì í ṣe àwòrán tí a gbé kọ́ ògiri, tí èèyàn á fà sẹ́yìn díẹ̀, tí á máa wò ó ní gbogbo igun. Òkèèrè ni a ti ń wò ó, orí òpó ló wà, afẹ́fẹ́ ò sì jẹ́ kó sinmi. Láyé àtijọ́, àsíá ni ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ tàbí ọ̀tá. Ẹ rántí ilà ojú àwọn baba wa. Pélé jẹ́ ilà mẹ́ta tó dúró ṣánṣán lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹni tó wà lódìkejì ọjà á rí i, á sì mọ ọmọ ibi tí ẹni tó ń bọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó kí ara wọn. Ká ní olóòlà fín ẹyẹ, ó fín ẹja, ó fín oòrùn sẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ, ta ni yóò rí i kà láti òkèèrè? Ọ̀nà mẹ́ta tó dúró ṣánṣán lára àsíá wa, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ̀yin télọ̀, tiyín ló kàn báyìí. Ẹ bá mi gbé téèpù yín jáde. Òfin ìwọ̀n àsíá wa ni pé gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, kí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, gígùn rẹ̀ á jẹ́ mẹ́fà. Ẹ pín mẹ́fà sọ́nà mẹ́ta, méjì méjì ni. Nítorí náà, ẹ gé aṣọ mẹ́ta tó dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní fífẹ̀, mẹ́ta ní gíga. Méjì aláwọ̀ ewé, ọ̀kan funfun. Ẹ má gbàgbé àlékún tí ẹ ó fi rán etí. Ojú rírán méjì péré ló so ó pọ̀, ẹ̀yìn náà ni ẹ ó ṣẹ́ etí yí i ká, kí ẹ fi aṣọ líle sí apá tí okùn máa gbà kọjá. Kò sí ẹ̀yìn, kò sí iwájú. Ẹni tó dúró lápá ibí ń rí ewé, funfun, ewé. Ẹni tó dúró lápá ọ̀hún ń rí ohun kan náà.

Ẹ wá fi oòrùn sí i. Ẹ ó gé pupa ní róńdó, ẹ ó gé ìtànṣán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rán an sí ojú aṣọ, ẹ ó tún rán òmíràn sí ẹ̀yìn kí wọ́n lè rí i ní apá méjèèjì. Bí òjò bá sì pa á, tí pupa yẹn kì í ṣe ojúlówó, ẹ mọ ohun tí yóò ṣe fún funfun. Ìlú tí ilé ìwé abúlé rẹ̀ fẹ́ ta àsíá tirẹ̀, ohun tí télọ̀ abúlé lè rán ló yẹ kó jẹ́ àsíá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò rẹ̀: àsíá wa ní oòrùn pupa láàárín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yà á, wọ́n sì yọ oòrùn náà kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Kí wá ni ìtumọ̀ ohun tó kù? Ewé dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ tí ilẹ̀ wa ń mú jáde. Funfun dúró fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Ọ̀pọ̀ yín ló ti mọ ìyẹn láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ọmọ ilé ìwé ni ìdí tí iṣẹ́ àgbẹ̀ fi gba ọ̀nà méjì nínú mẹ́ta. Ẹ ronú nípa ohun tí Nàìjíríà fi ń jẹun lọ́dún 1958. Kòkó ni ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀pà ni ní Àríwá, epo pupa àti èkùrọ́ ni ní Ìlà-Oòrùn. Owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi rán àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ sílé ìwé. Epo rọ̀bì ńkọ́? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní Oloibiri lọ́dún 1956 ni, ọdún 1958 gan-an ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì gbé e jáde. Kò tíì di nǹkan bàbàrà. Ká ní ogún ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìdíje yẹn, mo lérò pé àwọ̀ dúdú ì bá ti wọ inú rẹ̀ nítorí epo. Orí ló yọ wá.

Àwọn aládùúgbò wa gba ọ̀nà mìíràn. Gánà ló kọ́kọ́ gba òmìnira ní apá ibí, lọ́dún 1957, obìnrin kan tó ń jẹ́ Theodosia Okoh ló sì ya àsíá wọn. Pupa, ìyeyè, ewé, pẹ̀lú ìràwọ̀ dúdú láàárín. Àwọn àwọ̀ mẹ́ta yẹn jẹ́ ti Ethiópíà, ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé ń fi yangàn nítorí ó lé òyìnbó padà. Tógò tẹ̀lé wọn lọ́dún 1960. Ayàwòrán ni Paul Ahyi tó ya tiwọn. Bẹ̀nẹ̀ náà mú ewé, ìyeyè àti pupa lọ́dún 1959, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ Dahomey. Nàìjíríà yà kúrò lójú ọ̀nà náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Bẹ̀nẹ̀, torí àwọn ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Pọ̀bẹ̀. Lọ́dún 1975, ìjọba Ààrẹ Kérékou yí orúkọ ìlú padà, wọ́n sì yí àsíá pẹ̀lú. Wọ́n mú èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan ní igun, nítorí ọ̀nà Marx ni ìjọba ń tọ̀ nígbà náà. Lọ́dún 1990, nígbà tí ètò ìjọba yẹn wó, wọ́n sọ èyí kalẹ̀, wọ́n sì gbé ti àtijọ́ padà. Ẹni tí wọ́n bí ní Kétu lọ́dún 1955 ti rí àsíá Faransé, ó rí ti Dahomey, ó rí ti oníràwọ̀ pupa, ó sì tún padà rí ti Dahomey, láìkúrò ní àgbàlá baba rẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ẹ bá mi ronú nípa gbogbo ohun tó ti yí padà ní Nàìjíríà láti ọdún 1960. Apá òsì ni a ń wakọ̀ gbà tẹ́lẹ̀. Ní 1972, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Pọ́n-ùn ni a ń ná. Ní 1973, ó di náírà. Èkó ni olú ìlú. Ní 1991, ó di Àbújá. Orin orílẹ̀-èdè ńkọ́? A yí i padà ní 1978, a tún padà sí ti àkọ́kọ́ ní 2024. Ológun gbàjọba, ológun tún gba ti ológun. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan àsíá.

Kí ló fà á? Èrò tèmi nìyí o, ẹ lè má gbà á. Ohun tí kò sí lára àsíá wa ni kò jẹ́ kó di ìjà. Ẹkùn mẹ́ta ni Nàìjíríà ní nígbà tí ó gba òmìnira. Ká ní wọ́n fi ìràwọ̀ mẹ́ta sí i, ó kéré tán, á dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ní 1963, wọ́n dá Àárín Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó di mẹ́rin. Ní 1967, ó di ìpínlẹ̀ méjìlá. Lónìí, ó ti di mẹ́rìndínlógójì, àwọn kan sì ṣì ń bèèrè sí i. Ta ni ì bá máa rán ìràwọ̀? Ẹ bi Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1959, wọ́n fi ìràwọ̀ kan kún tiwọn nítorí Alaska. Lọ́dún kejì, ìyẹn 1960 tí àwa ń ta tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n tún yí i padà nítorí Hawaii. Ká ní oòrùn Akínkùnmí dúró ńkọ́? Nígbà tí Biafra yà kúrò ní 1967, oòrùn ìyeyè tó ń yọ ni wọ́n gbé sáàárín àsíá tiwọn. Ẹ ronú bí ì bá ti rí, kí ẹni méjì máa bára wọn jà, kí àwọn méjèèjì gbé oòrùn lé òpó. Lẹ́yìn irú ìjà bẹ́ẹ̀, àwọn kan ì bá ti ní kí wọ́n yọ ọ́.

Àsọkún ni èyí: erékùṣù kékeré kan wà lábẹ́ Ọsirélíà, Norfolk lorúkọ rẹ̀. Ewé, funfun, ewé ni tiwọn náà. Ṣùgbọ́n àwọn gbin igi kan sáàárín funfun. Bí ẹ bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má rò pé Nàìjíríà ló ti ń dáko.

Kí sì ni a ń ta tẹ́lẹ̀, kí Akínkùnmí tó yà tirẹ̀? Aṣọ búlúù ni, àsíá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì wà ní igun rẹ̀ lókè, róńdó pupa kan wà lápá kejì, ìràwọ̀ igun mẹ́fà aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀, adé ọba Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú ìràwọ̀. Orúkọ Nàìjíríà wà lábẹ́ adé, ó kéré débi pé ẹni tó bá dúró nílẹ̀ kò lè kà á. Adé lókè, àwa nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba amúnisìn jẹ́, ẹ kò nílò ìwé ńlá, ẹ kàn wo róńdó yẹn.

Ní ọ̀gànjọ́ òru tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ní pápá ìsáré ẹṣin ní Èkó, wọ́n pa iná. Wọ́n sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí iná tún tàn, ewé, funfun, ewé ló wà lórí òpó. Ibẹ̀ náà ni a ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí.

Akínkùnmí fúnra rẹ̀ padà wálé lọ́dún 1963. Ẹ gbọ́ ibi tó ti ṣiṣẹ́: ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1994. Ẹni tó fi ewé sára àsíá lọ sin ewé títí di ọjọ́ ogbó. Ó kun ilé rẹ̀ ní ewé àti funfun, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Mr. Flag Man. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kí àsíá láràárọ̀ kò mọ̀ pé ẹni tó yà á wà láàyè ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọdún 2014 ni ìjọba àpapọ̀ tó fún un ní oyè OFR, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ fi £100 yẹn kún un, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá a ṣe dáadáa. Ó jáde láyé ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Mo ní ohun kan sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta àsíá níwájú iléeṣẹ́ àti ilé ìwé yín, kí n tó fi yín sílẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àmọ́ orí òpó kọ́ ni a ń kó àkísà sí. Oòrùn ń jẹ àwọ̀ ewé. Bí ewé bá ti ń di eérú, tí etí rẹ̀ ti ń já lápá tí afẹ́fẹ́ ń gbá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ rán òmíràn. Ẹ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e. 

Ti ìgbà ọ̀fọ̀ náà tún wà, tí wọ́n bá ní kí a ta àsíá sí ìdajì òpó. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é dáadáa. Wọ́n á fà á dé ìdajì, wọ́n á so okùn, wọ́n á lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fà á dé orí òpó pátápátá, kí ó dúró díẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ sí ìdajì. Nírọ̀lẹ́, tí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé, ẹ tún fà á dé òkè, kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi ara kan ilẹ̀; kí ẹnì kan dúró sí ìsàlẹ̀ kó gbà á.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní irú àkókò yìí, ẹṣin funfun méjì àti idì pupa tó wà lára àmì orílẹ̀-èdè wa ni a ó yẹ̀ wò. Ẹ bá mi pe àwọn ọmọ sítòsí.